Bí Mo Ṣe Tún Ìbọn Afẹ́fẹ́ Àna Mi Ṣe Títí Ó Fi Bàjẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ìbọn. Ẹ má sá o! Kì í ṣe ìbọn olè, kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì láyé ọjọ́un.

Kò ní ètù, kò ní iná. Sípíríǹgì gbọọrọ kan ló wà nínú ikùn rẹ̀. Tí o bá ká ẹnu ìbọn náà wálẹ̀, sípíríǹgì á fún pọ̀. Tí o bá fa tírígà, á tú sílẹ̀, á ti písítìnì síwájú, písítìnì á ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì ti ọta kékeré kan jáde. Ó parí. Ṣé ẹ rí i pé kò le? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé ìjọba ni mí, ní ọ́fíìsì kan ní GRA níbí ní Ìlọrin. Láàárọ̀, mo ń to fáìlì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ń tú nǹkan. Fáànù, rédíò, áyọ́ọ̀nù, aago ògiri, kò sí èyí tí mi ò lè tú. Títú rẹ̀ kì í le rárá. Títò ó padà ló máa ń di awuyewuye. Ìyàwó mi, Rabi, ti fi òfin dè mí láti ọjọ́ tí bílẹ́ńdà rẹ̀ ti kó sí mi lọ́wọ́ tí kò sì tíì jáde títí di òní.

Bàbá Rabi ló ni ìbọn tí mò ń wí yìí. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń gbé ní Malete, nínú ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì wọn.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé etí bàbá ti di. Kì í ṣe díẹ̀ o! Tí mọ́tò bá ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn, ńṣe ni wọn á máa yan lọ láàárín títì bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń kí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọ́ nínú ẹbí. Ha! Ta ni yóò wojú bàbá, kó ní wọn ò gbọ́ nǹkan mọ́? Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo wa ń pariwo, a ń ṣe bí ẹni pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Tí ariwo bá sú wa, a ó kàn máa rẹ́rìn-ín sí wọn, a ó máa mi orí. Bàbá náà á máa ṣàròyé pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀.

Ọdún iléyá la lọ kí wọn, ni bàbá bá wọ yàrá, wọ́n gbé nǹkan gígùn kan jáde tí wọ́n fi bùbá àtijọ́ wé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo mọ nǹkan tún ṣe. Ta ló sọ fún wọn? Wàláhì, mi ò mọ̀ títí dòní. Rabi kọjú sí mi, ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n sọ òtítọ́.

Bàbá ní ìgbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́ làwọn ra ìbọn náà. Wọ́n ní ó ti lé lógún ọdún tó ti dákẹ́. Wọ́n ní kí ọlọ́jọ́ tó dé, àwọn fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn gbọ́ bó ṣe ń dún. Wọ́n tún un sọ: kí àwọn gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò fiyè sí i. Etí tèmi gan-an ló di lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ìyàwó níyì mọ̀ ọ́n. Tí bàbá ìyàwó bá ní kí o gbé òkè, ohun tí o lè bèèrè kò ju ibi tí wọ́n fẹ́ kí o gbé e sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gba ìbọn, mo ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni kí wọ́n fún mi. Nínú mọ́tò, ohun àkọ́kọ́ tí Rabi bèèrè ni ìwé àṣẹ ìbọn. Mo fi hàn án, bàbá ń tún un gbà déédéé. Ohun kejì tó bèèrè ni bóyá orí mi pé.

Mo tú u. Irin rẹ̀ ti dípẹtà, igi ìdí rẹ̀ ti gbẹ. Mo fi kẹrosíìnì wẹ irin, mo fi sáńpépà ha á, mo fi òróró pa igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Inú mi ń dùn. Ó wá ku ikùn rẹ̀.

Àwọn tí mo wò lórí YouTube ní èèyàn gbọ́dọ̀ fi nǹkan di sípíríǹgì yẹn mú kó tó tú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn. Mo ní àwọn òyìnbó yìí ti ń ṣojo jù, ohun tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, agbára wo ló kù lára rẹ̀? Mo tú nọ́ọ̀tì. Yéè! Nǹkan náà fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó lu sílíǹgì, ó dá a lu!

Rabi bèèrè láti ilé ìdáná pé kí ló ṣubú. Mo ní eku ni. Ó ní irú eku wo ló ń ti ìsàlẹ̀ ṣubú sókè. Ọjọ́ kejì ni mo yá irin tí wọ́n fi ń di pákó mú lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò wa, òun ni mo sì fi di ìbọn mú láti ìgbà náà lọ.

Nígbà tí mo wo sípíríǹgì náà dáadáa, ó ti kán sí méjì. Wáṣà awọ tó wà níwájú písítìnì, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò, ti gbẹ, ó ń rún bí bísíkíìtì. Mo bá bẹ ẹnì kan tó ń bá èèyàn ra nǹkan láti òkè òkun pé kó bá mi wá sípíríǹgì méjì. Ti awọ, mo lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kan nítòsí Post Office.

Aránbàtà gbé àpẹẹrẹ awọ náà yẹ̀ wò, ó bèèrè pé irú bàtà wo nìyí. Mo ní kì í ṣe ti bàtà, ti ìbọn ni. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ara. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé: oko ìrẹsì, ẹyẹ, àna mi. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ó gé mẹ́rin fún mi, wọ́n sì mọ́. Ó kàn ní tí ìbọn náà bá ti dára, kí n jọ̀ọ́, kí n má gbé e wá hàn án.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Sípíríǹgì dé. Mo fi òróró díẹ̀ rin wáṣà, mo to gbogbo rẹ̀ padà, kò sì sí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi níbẹ̀ yẹn! Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbé agolo mílíìkì sórí búlọ́ọ̀kù, mo yìn ín. Pọ̀! Ó rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn pa ìwé dé. Agolo lu jáde lódì kejì. Rabi wá wo ihò náà, ó wo ojú mi, ó ní òun ò mọ̀ pé mo lè parí nǹkan. Mo gbà á bí oríyìn.

Ní Sátidé, a forí lé Malete. Mo gbé agolo sórí ọ̀gán tó wà létí oko. Ọwọ́ bàbá ò lè ká ẹnu ìbọn mọ́, èmi ni mo bá wọn ká a, mo ki ọta sí i, mo gbé e fún wọn. Bàbá gbé e lé èjìká bí ọmọ ogún ọdún. Wọ́n fa tírígà. Agolo ṣubú yakata.

Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní kò yìn.

Mo rò pé eré ni. Mo ké sí wọn pé ó yìn, kí wọ́n wo agolo nílẹ̀. Bàbá ní afẹ́fẹ́ ló gbé e ṣubú. A tún gbé e padà sórí ọ̀gán, bàbá tún yìn ín, ó tún ṣubú. Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni bàbá ta agolo yẹn láìtàsé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni afẹ́fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ewé kan kò mì lára igi lọ́jọ́ náà o! Bàbá gbé ìbọn padà fún mi, wọ́n ní kí n má bínú, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ọwọ́.

Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mí tó? Mo wa mọ́tò padà sí Ìlọrin, mò ń sọ̀rọ̀ láti Malete títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní bàbá Rabi ò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ tí mo ti wá tọrọ rẹ̀. Rabi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe wá rí? Ó ń wo fèrèsé.

Mo ní kò burú, màá tún un ṣe débi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí àléébù. Mo tún un tú. Mo nu inú rẹ̀ débi pé mo ń rí eyín mi níbẹ̀. Mo fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín sípíríǹgì àti irin kó má máa gbọ̀n. Nígbà tí mo parí, tó bá yìn, èmi tí mo dì í mú gan-an ń tẹ́tí kí n tó gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn! A padà sí Malete.

Bàbá yìn ín. Agolo fò. Bàbá ní ìbọn náà ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, àmọ́ báyìí, mo ti pa á pátápátá.

Bàbá ní àwọn mọ ohun tó ń ṣe é, òrí ni mo fi dù ú. Ní ayé tiwọn, wọ́n ní, kíkó ni wọ́n ń kó òrí sínú ìbọn. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ike òrí tí ìyá Rabi fi ń para wá, wọ́n fi ìka bu ìṣù kan, wọ́n ń kì í sínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìbọn yìí, ẹ má tíì bú mi. Mo mọ̀! Mo ti wò ó nínú fídíò mẹ́ta. Ọ̀rá tó bá pọ̀ níwájú písítìnì máa ń gbiná nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fún pọ̀, bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe. Á bú, á sì fọ́ sípíríǹgì. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Ṣé kí n wá gba ike lọ́wọ́ bàbá ìyàwó mi ni? Kí n ní wọn ò mọ̀ ọ́n? Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ẹ ṣeun, bàbá, ìmọ̀ràn gidi ni. Mo ká ìbọn fún wọn. Mo rọra fẹ̀yìn rìn.

GBÀÀÀ!

Subhanallahi! Èéfín bo bàbá. Ìyá tó ń sá pààkí ní ilé kejì da àwo nù. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yí padà láìbèèrè, ẹni tó gbé sẹ́yìn ò sì sọ fún un pé ibẹ̀ kọ́ lòun ń lọ. Ẹnì kan ké pé wọ́n ti dé o, wọ́n ti dé o! Ẹ sì mọ irú àkókò tí a wà, kò sẹ́ni tó dúró bèèrè pé àwọn wo. Èmi ti dojú bolẹ̀ láàárín ìrẹsì.

Nígbà tí mo gbórí sókè, bàbá ṣì dúró síbi tí wọ́n wà. Omi ń bọ́ lójú wọn. Mo rò pé wọ́n ti ṣèṣe, mo sáré lọ bá wọn.

"Ó dún," ni wọ́n ń wí. "Rabi! Mo gbọ́ ọ! Ó dún, mo gbọ́ ọ!"

Rabi fi ìborùn bo ojú, ó ń sunkún. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, èmi ọlọ́gbọ́n orí. Láti ìgbà tí mo ti gba ìbọn náà, gbogbo làálàá mi ni bí n ó ṣe pa ohùn rẹ̀, ohùn yẹn nìkan sì ni bàbá fẹ́. Ojú tì mí.

Àwọn ará àdúgbò kó àdá dé. Èmi ni mo kúnlẹ̀ tí mo bẹ̀ wọ́n, tí mo ń ṣàlàyé òrí. Bàbá ò tilẹ̀ rí wọn. Wọ́n ń fọwọ́ pa ìdí ìbọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo tú u nílé, sípíríǹgì tuntun ti kán sí mẹ́ta, wáṣà ti jóná. Rabi bèèrè pé ṣé màá sọ fún bàbá. Mo ní kí n sọ kí ni? Mo fi sípíríǹgì kejì sí i. Mo bẹ ẹni tó bá mi rà á pé kó wá méjìlá sí i.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lóṣooṣù, màá tún ìbọn ṣe dáadáa, màá gbé e lọ sí Malete, bàbá á ki òrí sí i, á bú gbàmù, màá gbé òkú rẹ̀ padà wálé. Kí bàbá tó yìn ín, màá kọ́kọ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé, màá ní ẹ kú ilé o, bàbá fẹ́ yìnbọn o, ẹ má sá o. Wọ́n ti mọ̀ mí. Bàbá ń yìn mí fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní mọ́sálásí pé ọkọ Rabi mọ ìbọn tún ṣe ju ẹni tó ṣe é lọ. Nínú gbogbo Ìlọrin, èmi nìkan ni mo mọ̀ tó ń tún nǹkan ṣe kó lè bàjẹ́ ní Sátidé.

Ó dùn fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan, bàbá yìn ín, wọ́n ní ó rọ̀ díẹ̀ lónìí. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo fi kún òrí fúnra mi. Ó bú débi pé etí tèmi gan-an ń hó fún wákàtí kan. Bàbá gbé ìbọn sórí itan, wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Ìbọn yìí ti ń kú, ọkọ Rabi."

Mo wo Rabi. Rabi wo ilẹ̀. Ìyá Rabi wo ọ̀nà ibòmíràn. Gbogbo wa mọ̀, gbogbo wa sì ń bọ̀wọ̀. Ohun tó ta mí, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá, mo fi ẹnu kan etí wọn, mo sì ké e: "Bàbá, ìbọn kọ́. Etí yín ni."

Mo rò pé ìgbéyàwó mi ti parí.

Bàbá ń fi àtàǹpàkò nu igi ìbọn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé etí mi kò gbọ́ dáadáa. Mi ò mọ̀ pé ó burú tó báyìí. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ yẹn, mi ò sun ún nígbà tí bàbá tó bí mi lọ́mọ kú.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e la mú bàbá wá rí dókítà etí ní Ìlọrin. Dókítà fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan sí wọn létí. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ padà, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ ohùn Rabi, wọ́n ń gbọ́ nígbà tí ládàánì bá ń pe ìrun. Wọ́n ti rí i pẹ̀lú pé mo máa ń sọ̀rọ̀ jù, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Sátidé tó lọ, mo gbé ìbọn dé bí ìṣe mi, pẹ̀lú òrí. Ó bú. Bàbá ju ìbọn sílẹ̀, wọ́n di etí méjèèjì mú, wọ́n ní kí ni mo fi sínú nǹkan yìí! Pé ìbọn tí ohùn rẹ̀ rọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti bà á jẹ́! Wọ́n ní kí n lọ wá ẹni tó mọṣẹ́.

Sípíríǹgì mẹ́rin ló kù nílé mi báyìí. Ẹni tó bá ń wá a, kó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: a bọ̀wọ̀ fún bàbá yẹn títí a fi dá wọn dá ayé. Gbogbo wa la mọ ìwà hù, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn wọn tó láti ṣàfojúdi lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ẹ bá ní àgbà nílé tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí kò pani lẹ́rìn-ín, ẹ lọ jókòó tì wọ́n lónìí, ẹ bèèrè.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti mọ̀ nílé yín tẹ́ ẹ ò lè sọ nítorí ọ̀wọ̀? Ta ló wá padà sọ ọ́, kí ló sì ṣẹlẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá ka gbogbo rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, àna mi ò sí lórí Facebook. Kò kúkú sí ohun tí wọn ò tíì gbọ́ báyìí.